Láptọ́ọ̀pù Olójú Ńlá: Kí A Tó Fa Káàdì Yọ

Ojú ìwé ọ̀rọ̀ ajé la wà yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé rírà tàbí fọ́ọ̀mù owó orí la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni. Bí ìpàdé bá ti parí, tí ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi wá: "Ọmọ mi ní láptọ́ọ̀pù olójú ńlá tí wọ́n fi ń gbá géèmù lòun fẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ dọ́là! Èmi náà sì ń wá èyí tí màá fi ṣe ìwé òwò mi. Ṣé ọ̀kan ò lè tó àwa méjèèjì ni?"

Ìbéèrè gidi ni, a ò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé àwa náà ti bi ara wa rí. Ìdáhùn tí a fún ara wa nígbà náà ná wa lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún tí àkọ́bí wa wà ní kíláàsì kẹwàá, ó gba A nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ àfi ẹyọ kan. A sì ti ṣèlérí. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, a rí láptọ́ọ̀pù olójú ínṣì 17.3 tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Ojú rẹ̀ gbòòrò bí àtẹ ọlọ́sàn. Àwa tí a ti ń wo ìwé pẹ̀lú gíláàsì, inú wa dùn. A ní: "Èyí gan-an ni. Òun á máa fi gbá géèmù, àwa á máa fi ṣe ìwé owó." A sanwó, a gbé e délé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀: "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà."

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi rí i pé kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sá lọ ní gbogbo Sátidé. Inú bí wa. A pè é ní aláìmoore. A ní nígbà tí àwa dé yunifásítì lókè òkun, yàrá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò sí, tí a ó sì kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó kàn wá. Ó dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá tú àṣírí fún wa níkẹyìn pé láptọ́ọ̀pù náà kò lè gbé géèmù tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ń gbá. Pé àwòrán á kàn dúró gbagidi láàárín eré, àwọn yòókù á sì máa fi í ṣe ẹ̀sín. Àti pé kò fẹ́ sọ fún wa nítorí kò fẹ́ kí a rò pé owó wa ti ṣòfò. Nígbà tí a máa gbọ́ èyí, ọjọ́ tí a lè dá ọjà padà ti kọjá. A pe ọmọ, a bẹ̀ ẹ́. Kò wọ́pọ̀ kí òbí Yorùbá bẹ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́. Òun kọ́ ló ṣẹ̀. Ojú la rà, a ò béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ojú.

Bẹ́ẹ̀ ìlú tí a ń gbé yìí ló yẹ kó ti là wá lóye. Ní 1982, ọkùnrin mẹ́ta, Rod Canion, Jim Harris àti Bill Murto, fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Texas Instruments, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Compaq sílẹ̀ níhìn-ín ní Houston. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ilé oúnjẹ House of Pies ni wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Ẹ̀rọ náà, Compaq Portable, dé ọjà ní 1983. Ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 9 lọ, ó wúwo tó pọ́ùn 28, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti $2,995, kò sì ní bátìrì rárá. Bí ẹni gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ṣe ń gbé e, láti ibi tí iná wà lọ sí ibòmíràn tí iná wà. Síbẹ̀, lọ́dún àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tà lé ní 50,000.

Kí ló mú kí wọ́n rà á? Ètò tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà IBM ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa oníṣirò owó á gbádùn eléyìí: láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan bá ti IBM mu lóòótọ́, ètò méjì ni wọ́n sábà máa ń fi dán an wò. Ọ̀kan ni Lotus 1-2-3, ìwé ìṣirò tí àwa àgbà inú iṣẹ́ yìí fi kọ́ṣẹ́. Èkejì ni Flight Simulator ti Microsoft, géèmù tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé owó àti géèmù lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà òbí tó ní kí ọ̀kan ṣe méjì kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. HP ra Compaq ní 2002. Apá kan ọgbà wọn tó wà lójú ọ̀nà 249 ti di Lone Star College University Park báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí a rí mú níbẹ̀ ni pé orúkọ ètò tí ẹ̀rọ máa gbé la kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ orúkọ géèmù rẹ̀ sórí bébà, gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ Roblox àti Minecraft nìkan ni, kò sídìí tí ẹ fi máa ná ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ dọ́là. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè gbé wọn. Bó bá jẹ́ Call of Duty tàbí Cyberpunk 2077, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń kọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní síta, oríṣi méjì ni: èyí tó kéré jù, àti èyí tí wọ́n gbani nímọ̀ràn. Èkejì ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó bá rà á ní ìwọ̀n tó kéré jù lónìí, bó bá di ọdún tó ń bọ̀, géèmù tuntun á ti kọjá agbára rẹ̀.

Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán ni wọ́n ń pè ní GPU, òun sì lọ́kàn láptọ́ọ̀pù géèmù. Ti láptọ́ọ̀pù lásán dà bí ayálégbé tí kò ní ilé ìdáná tirẹ̀: inú mẹ́mórì tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò lòun náà ti ń bu. Ti géèmù ní mẹ́mórì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rí wa gbá mú nìyí o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ lè rí láptọ́ọ̀pù méjì lórí igbá kan náà, tí wọ́n kọ RTX 4060 sí méjèèjì lára, kí ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ dáadáa. Ìdí ni pé ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù ló ń pinnu iye wáàtì tí òun máa fún GPU yẹn jẹ. Ti 4060 yìí lè jẹ́ 35 wáàtì, ó sì lè tó 115. Orúkọ kan náà ni, oúnjẹ ò dọ́gba. Èyí tó tín-ínrín tó lẹ́wà ló sábà máa ń jẹ díẹ̀, nítorí kò ní àyè tí ooru máa gbà jáde. Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù lè má mọ̀ ọ́n. Ojú ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni ẹ ti máa rí i. Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, àwa ò ní rà á.

Nípa ojú fúnra rẹ̀, ìnṣì tí wọ́n ń kà jẹ́ láti igun kan dé igun kejì tó kọjú sí i, kò sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ínṣì 17.3 tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1920 sí 1080 lè fi ìlà ìwé ìṣirò tó kéré hàn yín ju ínṣì 16 tó jẹ́ 2560 sí 1600 lọ, nítorí pé èkejì ga díẹ̀ sí i, àmì rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àmọ́ lẹ́tà orí 17.3 á tóbi jù, èyí tí ojú àgbà nílò. Ẹ jókòó síwájú méjèèjì nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí ìwé ìṣirò kan, kí ojú yín fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ti ọmọ, ohun tó máa wò ni iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 60 tó ìwé owó, géèmù ń fẹ́ 144 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní kan tí àwa fẹ́ràn lára olójú ńlá ni pátákó nọ́ńbà tó máa ń wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ti fi òru oṣù kẹrin tẹ fọ́ọ̀mù owó orí mọ ohun tí a ń sọ.

Yàtọ̀ sí èyí, mẹ́mórì 16 GB ni kó kéré mọ, kí ibi ìkópamọ́ sì jẹ́ 1 TB bí apá bá ká a, nítorí pé Call of Duty nìkan lè gba ju 100 GB lọ. Ẹ̀yin tó ń ra àlòkù, ẹ rí i dájú pé ó lè gbé Windows 11. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025.

Ọ̀rọ̀ gbígbé kiri ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù géèmù olójú ínṣì 18 pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ lè sún mọ́ pọ́ùn 9. Ọmọ Compaq ni, àfi pé ó ní bátìrì. Bátìrì náà ò sì ní pẹ́ bí wọ́n bá fi gbá géèmù láìsí iná. Wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà ń jẹ́. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí ìjì Beryl jà, oṣù keje 2024, tí iná kú mọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì lábẹ́ CenterPoint. Nínú ilé wa, láptọ́ọ̀pù kékeré tí kò gbajúmọ̀ la fi rí iṣẹ́ àwọn oníbàárà wa ṣe, a ń gba agbára fún un nínú mọ́tò. Ti géèmù ti kú láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, fáànù rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ti ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí owó, torí ìyẹn niṣẹ́ wa. Owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25%. Láptọ́ọ̀pù $1,400 á di $1,515.50 kí ẹ tó jáde. Àwọn kan ń dúró de ọjọ́ tí ìjọba Texas kì í gba owó orí ọjà nínú oṣù kẹjọ. Aṣọ, bàtà, báàgì ilé-ìwé àti àwọn ohun èlò ilé-ìwé tí owó wọn kò tó $100 ni ìyẹn wà fún. Kò kan kọ̀ǹpútà. Ẹ má jókòó dè é.

Ẹ̀yin tó ń fẹ́ rà á lórí káàdì ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní kò sí èlé bí ẹ bá san án tán láàárín oṣù 12, ẹ ka lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bó bá ku dọ́là díẹ̀ péré lọ́jọ́ tí àkókò pé, èlé gbogbo oṣù 12 ni wọ́n máa kà lé yín lórí, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé ọjà. A ti rí ìwé ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà wa tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, nítorí $40.

Owó orí ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, tí ẹ sì ń fi owó pamọ́ fún un sínú 529, òfin gbà kí ẹ fi ra kọ̀ǹpútà tí òun gan-an máa lò jù nígbà tó bá ń kàwé. Láptọ́ọ̀pù géèmù náà wọlé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè bí fáànù rẹ̀ ṣe ń ké. Ṣùgbọ́n géèmù fúnra rẹ̀ kò wọlé. Bí ẹ bá fi owó 529 ra ẹ̀rọ, tó wá jẹ́ pé ìwé òwò yín ni ẹ ń fi ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn ti kúrò nínú àdéhùn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn tó ń gba W-2, láti 2018 ẹ ò lè yọ owó láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ kúrò nínú owó orí ìjọba àpapọ̀ mọ́. Ẹ yé bẹ̀ wá. Ẹni tó ní òwò tirẹ̀ lè yọ ọ́, ìwọ̀n tí òwò fi ń lò ó nìkan sì ni. Bí géèmù bá jẹ ìdajì wákàtí rẹ̀, géèmù ti jẹ ìdajì owó náà.

Èyí ló gbé wa dé ibi tí ọkàn wa wà gan-an. Ẹ̀rọ kan lè gbé ìwé owó àti géèmù. Láti ayé Compaq la ti mọ̀. Ohun tí a ò fọwọ́ sí ni kí ìwé àwọn ẹlòmíràn wà lórí ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń gbá géèmù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bójú tó àwọn aláìsàn nínú ilé wọn, tí orúkọ, àìsàn àti nọ́ńbà Social Security wọn wà lọ́wọ́ yín. Àwọn kan ń ṣe fọ́ọ̀mù owó orí fún èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan á rí ìpolówó pé òun lè gba Robux lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ètò tí wọ́n fi ń rẹ́jẹ nínú géèmù. Á tẹ̀ ẹ́, olè á sì wọlé. Ọmọ ò mọ̀, ìyá ò mọ̀, títí lẹ́tà á fi dé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà pé ẹnì kan ti fi orúkọ òun gba owó orí padà. Kò sí iye tí ẹ fi pamọ́ lórí láptọ́ọ̀pù tó lè san ìyẹn.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìwé ilé, lẹ́tà ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó ọjà oṣooṣù àti fídíò ìgbéyàwó ni, ẹ jọ máa lo ọ̀kan. Kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí ti ọmọ má sì ní àṣẹ láti gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ láìsí yín. Ó kù sọ́wọ́ yín láti mọ bí ẹ ó ṣe pín àkókò, torí pé aago mẹ́jọ alẹ́ tí ẹ̀yin ráyè lòun náà ráyè. Bó bá jẹ́ òwò ni, ẹ pín in: kí ọmọ gba láptọ́ọ̀pù géèmù olójú ínṣì 16 tí wáàtì rẹ̀ dára, kí ẹ̀yin ra láptọ́ọ̀pù lásán tí kò wọ́n, kí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ ojú ńlá ínṣì 27 lórí tábìlì. Irú ojú bẹ́ẹ̀ wà tí owó rẹ̀ kò tó $200. Àpapọ̀ owó méjèèjì lè má fi bẹ́ẹ̀ ju owó ẹ̀rọ ínṣì 18 kan lọ. Ínṣì 18 yẹn, ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tó máa lo SolidWorks, tí kò sì ní máa gbé e lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́, òun nìkan la lè gbà á nímọ̀ràn fún.

Àwọn tó ń rò pé bó bá gbó àwọn á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n nílé, a gbọ́. Ṣájà rẹ̀ sábà máa ń gba iná 100 dé 240, ìyẹn ò ní wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣájà tó ń fa 230 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á tètè mu bátìrì ínfátà kékeré gbẹ lálẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ fi lásán ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á dúpẹ́ jù. Ẹ gbé e dání wọ inú bàálù, ẹ má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ilé wa, nígbà tí ó tún tó àkókò láti ra òmíràn, a ní kí ọmọ náà lọ wádìí. Ó gbé tábìlì kan wá tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ mẹ́ta, iye wáàtì wọn, ìwúwo wọn, owó wọn pẹ̀lú 8.25% tí ó ti ṣírò mọ́ ọn. Èyí tí ó mú fi $250 dín sí iye tí àwa ti yà sọ́tọ̀. Ó san $200 nínú rẹ̀ láti inú owó iṣẹ́ ìgbà ìsinmi rẹ̀. Ínṣì 17.3 àkọ́kọ́ ṣì wà lórí tábìlì wa. Òun la fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, pátákó nọ́ńbà rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ kí a bá yín wo ohun tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mú bébà tí ọmọ yín kọ orúkọ géèmù sí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà tẹ̀ lé yín wá.